Ọmọ Ń Lọ Kọ́ Nípa Oúnjẹ ní Yunifásítì: Ṣé Ọbẹ̀ Sísè Ni?

 

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín ní ìsọ̀ wa. Wọ́n ní, "Ìyá ẹlẹ́pà, ṣé o fẹ́ sanwó kí wọ́n kọ́ ọmọ ẹ ní ọbẹ̀ sísè ni?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Wọ́n ń kọ́ ohun tí oúnjẹ ń ṣe lára. Ní 1933, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n ń fún wọn ṣáá lẹ́yìn tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹja. Àwọn Gã ti ń pe àìsàn yẹn ní kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ọmú lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ọmọ lè yó kó má jẹun.

Wọ́n tún ń kọ́ bí májèlé ṣe ń bá oúnjẹ wọlé. Ní 1960, tòlótòló tó tó 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pà tó ti bu tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ wọn ló fà á. Aflatoxin ni wọ́n ń pe májèlé náà. Ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn, yíyan àti sísè kì í sì í pa á tán.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Òjò wọ àpò ẹ̀pà mi méjì, ó bu. Mo ní n ṣà á, kí n yan án, kí n fi ṣe kúlíkúlí. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á." Owó àjọ ló wà nínú ẹ̀pà yẹn o! Mo sunkún, mo sin ín. Àbí ta ló ń jẹ kúlíkúlí mi? Ọmọ yín ni, ọmọ-ọmọ mi ni.

Nítorí náà, ẹ sá ẹ̀pà àti àgbàdo kó gbẹ dáadáa, ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ gbé àpò lé pákó, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìyẹ.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kà á, ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ní láti ní kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báólójì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, kó tún ṣe JAMB. Ẹ má jẹ́ kó sá fún sáyẹ́ǹsì láti SS1. Bó bá jáde, ó lè ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, kó máa là á yé alátọ̀gbẹ ohun tó yẹ kó jẹ. Ó lè ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ó sì lè di olùkọ́.

Àwa la ń bọ́ ìlú. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ ohun tí à ń bọ́ wọn.

Èmi ni akọ̀wé yín, ìyá ẹlẹ́pà.