Wọ́n Ti Wọlé Kí Wọ́n Tó Kágò

Ẹ ti bá a pàdé rí. Ẹ ṣí ìkànnì kan láti ka ìròyìn, àpótí kan yọ, ó bo ìdajì ojú fóònù: àwọn ń lo kúkì, ṣé ẹ gbà? Bọ́tìnì "Accept all" tóbi, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn. Ibi tí èèyàn ti lè kọ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín. Ìròyìn lẹ sáà fẹ́ kà, ẹ bá tẹ "Accept all".

Ìbéèrè tèmi rèé: kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ló ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àpótí yẹn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kúkì jẹ́. HTTP, ìlànà tí browser àti server fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kì í rántí nǹkan kan. Ojú ewé tí ẹ ṣí báyìí àti èyí tí ẹ máa ṣí tẹ̀ lé e, lójú server, àlejò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wo oníṣòwò tó ń gbàgbé oníbàárà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yíjú; báwo lẹ ṣe fẹ́ ra ọjà mẹ́ta lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1994, Lou Montulli tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape wá ojútùú sí i: kí server kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, kí browser tọ́jú rẹ̀, kó sì máa mú un dání nígbàkígbà tó bá padà wá. Ó dà bíi káàdì ọsibítù: ẹ mú un jáde, wọ́n rí fáìlì yín. Kò sí aburú kankan nínú ìyẹn.

Táàgì ni ká máa ṣọ́. Táàgì ni kóòdù tí onílé ìkànnì gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó sì lẹ̀ mọ́ ojú ewé tirẹ̀. Nígbà mìíràn, àwòrán kan tí kò ju pixel kan lọ ni, ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n browser yín gbọ́dọ̀ lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó sì ṣe ń bèèrè ló ń sọ àdírẹ́sì IP yín, irú browser tí ẹ ń lò, àti, lọ́pọ̀ ìgbà, ìkànnì tí ẹ wà. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá ti fi kúkì sọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀, tí browser kò sì dí i, kúkì náà á bá a lọ. Táàgì kan náà tún wà níbi tí ẹ ti ń ra bàtà àti níbi tí ẹ ti ń wá iṣẹ́, nítorí náà ojú kan ṣoṣo ló ń rí yín káàkiri. (Dátà yín, èyí tí ẹ fowó yín rà, ni wọ́n sì fi ń ṣe é o.)

Bóyá ẹ ń sọ pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bàtà mi ṣe?" Kì í ṣe bàtà nìkan. GoodRx jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń bá èèyàn rí oògùn rà ní ẹ̀dínwó. Ní oṣù kejì ọdún 2023, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀, fẹ̀sùn kàn án pé ó ń tipa irú táàgì báyìí fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí Facebook, Google àti àwọn mìíràn. Orúkọ oògùn wà nínú ohun tó lọ. GoodRx kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti san mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Ẹ rò ó wò: oògùn tí èèyàn ò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Nílé wa, àlejò kì í já wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Àgò onílé o!", á sì dúró títí onílé á fi ní "Àgò yà." Ohun tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ń bèèrè náà nìyẹn: kúkì tí kò pọn dandan gbọ́dọ̀ dúró de ìdáhùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ Àjọ Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ Planet49 ti Jámánì pé àpótí tí wọ́n ti bá èèyàn máàkì sílẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, CNIL ti ilẹ̀ Faransé kéde owó ìtanràn 150 mílíọ̀nù yúrò fún Google àti 60 mílíọ̀nù fún Facebook, nítorí pé ìtẹ̀ kan lèèyàn fi ń gbà, àmọ́ kíkọ̀ gba ìtẹ̀ púpọ̀. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, náà sọ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Ṣùgbọ́n àpótí yẹn fúnra rẹ̀, àwòrán lásán ni bí ẹnikẹ́ni ò bá so ó mọ́ àwọn táàgì. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kóòdù àpótí á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, á sọ fún gbogbo táàgì pé "ẹ dúró ná", ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ sí i ni èyí tí ẹ gbà fún á tó gbéra. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ju ètò lọ. Òkè ni browser ti ń ka ojú ewé wá sísàlẹ̀. Bí onílé ìkànnì bá lẹ àpótí sísàlẹ̀ àwọn táàgì, àwọn táàgì lè ti jíṣẹ́ kí àpótí tó yọ, kíkọ̀ yín ò sì lè dá iṣẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ padà.

Ibòmíràn wà tí ètò náà tọ́, síbẹ̀ tí nǹkan ń jò. Consent Mode ti Google ní ọ̀nà méjì. Nínú "basic", táàgì ò ní gbéra rárá àfi tí ẹ bá gbà. Nínú "advanced", táàgì á gbéra. Bí ẹ bá kọ̀, kò ní lo kúkì, ṣùgbọ́n á ṣì fi ìròyìn díẹ̀ ránṣẹ́. Lójú tèmi, "basic" nìkan ló kágò.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fèrèsé Incognito nínú Chrome, ẹ tẹ F12 (láàpútọ́ọ̀pù mìíràn á ní kí ẹ di Fn mú pọ̀ mọ́ ọn), ẹ yan Network, kí ẹ tó wá ṣí ìkànnì náà. Ẹ má fọwọ́ kan àpótí o. Níbi Filter, ẹ kọ "doubleclick", ti ìpolówó Google nìyẹn, lẹ́yìn náà "facebook". Bí ìlà kankan tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ tiwọn bá yọ, browser yín ti gbìyànjú láti kàn sí wọn kí ẹ tó dáhùn. Ẹ wá tẹ "Reject", kí ẹ tún ojú ewé ṣí, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ìkànnì ilé ìwòsàn tàbí ti báńkì tí ẹ ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò.