Ẹ̀wù Òkèèrè àti Ọwọ́ Aránṣọ Ọ̀fà

Ní ọjà Ọ̀fà, ẹni tó bá mú ẹ̀wù tuntun wò lè rí i kà lára àmì kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀ pé Bangladesh ni wọ́n ti rán an, orílẹ̀-èdè tí ilé Rana Plaza, tó kún fún ilé-iṣẹ́ aránṣọ, ti wó ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,100, bẹ́ẹ̀ ògiri rẹ̀ ti sán ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọ̀gá ló fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ wọlé. Owó pọ́ọ́kú tí a fi ra irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo iye rẹ̀. Ẹlòmíràn ti san ìyókù.

Nílé ńkọ́? Kaduna Textile Limited, ilé-iṣẹ́ ahunṣọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ti kógbá sílé. Ahunṣọ tí ń sọ ọ̀kọ̀ nídìí òfì àti aránṣọ tí ń fi máṣínnì gbọ́ bùkátà ni a sì ń bá dúnàádúrà kọjá ààlà. Ó dùn mí nígbà tí òbí bá fi iṣẹ́ ọwọ́ dẹ́rù ba ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, nítorí àwọn baba wa tó ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ kò yọ ọwọ́ aránṣọ sílẹ̀. Bí Iléyá bá tún súnmọ́, tí aránṣọ àdúgbò ń fi òru ṣiṣẹ́ lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀, ẹ bi í léèrè iye tí òwú àti epo ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó dá owó lé e.