Àgbọ̀nrín Onírù Funfun

Àgbọ̀nrín tó pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà ni onírù funfun, ẹranko tó dùn ún wò. Nígbà ooru, irun ara rẹ̀ a pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí òtútù bá dé, a di àwọ̀ eérú. Akọ a máa hu ìwo ẹlẹ́ka tí ń já dànù lọ́dọọdún, kí òmíràn tó hù. Bí ẹ̀rù bá bà á, a gbé ìrù sókè, abẹ́ ìrù náà a sì funfun báláú bó ti ń sá lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Gbogbo èyí tó kù kò ju nǹkan bí 500,000 lọ. Ìjọba fi òfin dá àwọn ọdẹ lẹ́kun. Lónìí, ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Ìkookò tó ń pa á jẹ ti pòórá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, abo sì sábà ń bí ìbejì. Ilé tuntun wọ inú igbó, òdòdó àti ewébẹ̀ tí onílé gbìn sì di oúnjẹ fún un. Ọmọ aráyé ló lé ọ̀tá rẹ̀ lọ, àwọn náà ló tún tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

Lọ́dọọdún, ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń kọlù ú, èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì ń kú. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ló burú jù, torí ìgbà náà ni akọ ń sá tẹ̀lé abo láìwo ọ̀tún wòsì. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland, ẹ ṣọ́ra ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí iná mọ́tò bá bá a lójú, ó lè dúró gbagidi sójú títì. Bí ọ̀kan bá kọjá, ẹ má yára tẹná, òmíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá já lù yín, ẹ tẹ búréèkì, ẹ má yà bàrá: ẹni tó yà lè lọ kọlu igi tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Onílé náà ní tirẹ̀. Àgbọ̀nrín kò ní eyín iwájú lókè, fífà ló ń fa ewé já; bí ewé bá ya wúruwùru, ẹ ti mọ ẹni tó wá lóru. Akọ a máa fi ìwo ha èèpo igi kékeré títí igi á fi kú. Ara eku ni eégbọn ti ń kó àrùn Lyme tó ń kó ran èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín ni àgbà eégbọn ń mu yó kó tó yé ẹyin. Ẹ yẹ ara ọmọ wò bóyá eégbọn wà níbẹ̀ bó bá ti inú koríko wọlé. Ọgbà tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó lè fò ó.

Àwọn ìlú kan ti ń gba ọdẹ ọlọ́fà láyè láti dín in kù, àwọn ọdẹ a sì máa fi ẹran náà tọrẹ fún aláìní. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí onílé kọ́kọ́ ṣíwọ́ dída àgbàdo sílẹ̀ fún un nítorí ẹwà rẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ àgbọ̀nrín lẹ́yìnkùlé ń pè é sójú títì ni.