Ìrora Láti Ìbàdí dé Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ìrora bá ń ti ìbàdí yín sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ebè kíkọ, ó lè jẹ́ pé ohun rírọ̀ tí ó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ni ó yọ, tí ó ń tẹ iṣan ẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ pẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rí ìtura láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé tọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá fi falẹ̀, ẹsẹ̀ lè rọ títí láé.