Ìpọ́njú àti Pọ́njú-pọ́ntọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọ bá ara wọn tan ni a ó tú wò lónìí.

Ìkíní ni ìpọ́njú. Bí ìyà bá ń jẹ ènìyàn, a ní ojú ń pọ́n ọn. Pọ́n àti ojú ni ó bí ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì, pọ́njú-pọ́ntọ̀, jẹ́ orúkọ àìsàn: èyí tí ó ń pọ́n ojú, tí ó sì ń pọ́n ìtọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè bi mí pé, ojú aláìsàn yìí kò pupa bí ẹ̀jẹ̀, èéṣe tí a fi ní ó pọ́n? Ẹ wo ìbẹ́pẹ. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà lórí igi, kí ni a ń wí? A ní ó pọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti ara jaune, orúkọ àwọ̀ yìí ní èdè Faransé, ni wọ́n ti rí jaundice tiwọn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá gbó nínú ara a máa fi oje kan sílẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bàjẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, oje náà yóò pọ̀ jù, yóò sì hàn ní ẹyinjú.

Nítorí náà, àmì ni orúkọ yìí sọ fún wa. Kò sọ ohun tí ó fà á. Ọ̀kan nínú ohun tí ń fà á ni ibà kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ní 1925, àwọn oníṣègùn Rockefeller Foundation dá ibi ìwádìí ibà náà sílẹ̀ ní Yaba, tí kò jìnnà sí wa ní Akọka níhìn-ín. Ibà yìí kan náà ni ó pa ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, ní Èkó ní 1927. Ní ọdún yẹn ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ará Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana báyìí. Kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni a fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn ọmọ wa ń gbà ní oṣù 9.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kò kan pọ́njú-pọ́ntọ̀ ọmọ tuntun. Kánfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ a máa ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn jẹ́. Bí oje náà bá dé ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití, ó sì lè pa á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn òwúrọ̀ nìkan. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ojú bá pọ́n, ẹ jẹ́ kí a tètè wá ìdí rẹ̀, kí ó má baà di ìpọ́njú.