Bí Ìbàdàn Ti Di Alágbára, àti Bí Àlàáfíà Ti Ti Ibẹ̀ Jáde

Àgbẹ̀ tí ó bá ti Èrùwà gba ọ̀nà Ìdó lọ sí Ìbàdàn, ìlú ńlá ni yóò bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1829, ibùdó ogun lásán ni. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí nwọ́n ti fọ́ Òwu ni nwọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Kò sí ọba nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bi àlejò léèrè ilé baba rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú ogun ni a ń wò, nítorí náà ni àwọn akíkanjú láti ìlú tí ogun tú fi ń rọ́ wọ ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Balógun Odérìnlọ́ ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, ogun Ìlọrin kò sì lè sọ̀kalẹ̀ sí ìhà gúúsù mọ́. Oore ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni agbára náà ti ń jẹun? Àwọn olóyè Ìbàdàn ń fi ìbọn kó ẹrú, nwọ́n ń fi ẹrú dáko, nwọ́n sì ń fi èrè oko àti epo ra ìbọn àti ẹ̀tù láti etíkun. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a pa li ọdún 1874, wà lára àwọn tí ń ta ohun ìjà fún ológun ní àwìn. Bí gbèsè bá sì dé, ogun ni a tún ń lọ. Ilẹ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní Kristiani ni ẹ̀tù náà ti ń wá. Ẹni tí ó ti kọ ebè láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní oko ara rẹ̀ lè mọ bí ó ti rí fún ẹni tí ń kọ ọ́ fún ẹni tí ó mú un ní ìgbèkùn.

Li ọdún 1862 nwọ́n fọ́ Ìjàyè, tí kò jìnnà sí Ìbàràpá. Ogun náà dí ọ̀nà etíkun mọ́ Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí nwọ́n ti ń gbé ní Kúdẹtì láti 1853. Anna ń ta ẹrù ilé rẹ̀ láti fi bọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan tí a kọ́ ní ìwé lọ́dọ̀ wọn ni Samuel Johnson, tí baba rẹ̀ mú wá sí Ìbàdàn li ọdún 1858.

Àwọn ajẹlẹ̀ Ìbàdàn ń ni àwọn ìlú Èkìtì lára. Li ọdún 1878 Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa wọ́n, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí wọn. Ìró rẹ̀ ni a fi ń pe ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látóòsà kú sí ibùdó li ọdún 1885, ogun kò sì tíì parí.

Johnson yẹn, tí ó ti di òjíṣẹ́ ìjọ, àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó, ni Gómìnà Èkó rán láti bá àwọn ọba àti olórí ogun sọ̀rọ̀. Nwọn kò mú ìbọn lọ́wọ́; ìwé ni nwọ́n mú. Li ọdún 1886 a fi ọwọ́ sí àdéhùn: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira, Ọ̀tan, Ìrèsì, Adà àti Ìgbájọ kù sábẹ́ Ìbàdàn. Ní oṣù Sẹptẹ́ḿbà nwọ́n fi iná sun ibùdó méjèèjì, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.