Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Faransé Kì Í Ṣe Alágídí

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní Dowa,

Ọmọ wa wọ kíláàsì CI. Yorùbá tàbí Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀. Olùkọ́ ní kí ó jókòó, ó dìde. Wọ́n ní kí ó dákẹ́, ó ń bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè. Wọ́n á ní alágídí ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ Faransé náà ni kò yé e.

Láyé àwọn òyìnbó, àti lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960 pàápàá, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní “signal” kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn. Yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Àwọn àgbà tó ru ú ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n: ẹ̀rù àti ìṣọ́ni ni ó kọ́ wọn.

Olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé kíláàsì yín kún. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní “Assieds-toi”, kí ẹ̀yin náà jókòó. Ẹ sọ ọ́ di eré títí yóò fi yé wọn. Èyí tó ń da àwọn yòókù láàmú, ẹ pè é ní orúkọ, ẹ mú un wá síwájú, kí ó máa bá yín nu pátákó.

Ìyá, bàbá, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ fi èdè ilé bi ọmọ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé nílé pàápàá ẹ ní láti pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.